Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ṣájà ọlọ́gbọ́n fún oríṣiríṣi bátìrì ilé

Àwọn ìdáhùn yìí wà fún bátìrì tó ṣeé ṣáájì tí à ń lò nínú ilé: ti rìmóòtù, tọ́ọ̀ṣì, rédíò, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, makirofóònù ṣọ́ọ̀ṣì, mẹgafóònù àti àtùpà sólà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ ni pé irú bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo bó ṣe tóbi tó. Bó ṣe tóbi tó ń sọ ihò tó máa wọ̀. Irú rẹ̀ ló ń sọ bóyá ó yẹ kó wọ̀ ọ́ rárá.

Kí ló mú kí a máa pe ṣájà kan ní ọlọ́gbọ́n?

Ṣájà lásán kò mọ ohun tó ń lọ nínú bátìrì. Iná ló kàn ń dà sí i títí ẹ ó fi yọ ọ́, tàbí títí wákàtí tí wọ́n ṣètò sínú rẹ̀ yóò fi pé. Ì báà jẹ́ pé bátìrì náà ṣófo pátápátá, ì báà jẹ́ pé ó ku ààbọ̀, iye iná kan náà ló máa gbà. Púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣáájì bátìrì ní méjì-méjì, tí èyí tó kọ́kọ́ kún á máa jìyà nígbà tí èkejì ṣì ń gba tirẹ̀.

Ṣájà ọlọ́gbọ́n ń wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Fún bátìrì NiMH (nickel-metal hydride, irú tó wọ́pọ̀ nínú AA àti AAA tó ṣeé ṣáájì), nǹkan mẹ́ta ló ń ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni fólítì. Bí bátìrì ṣe ń kún ni fólítì rẹ̀ ń gòkè, títí dé nǹkan bí 1.45V sí 1.5V, tó bá wá kún tán, fólítì náà á já wálẹ̀ díẹ̀, bíi mílífólítì 3 sí 5 péré. Ìjáwálẹ̀ kékeré yìí ni ṣájà ń dúró dè kó tó dá iná dúró. Èkejì ni ooru, nítorí iná tí kò ríbi wọ̀ mọ́ nínú bátìrì tó ti kún á di ooru. Ẹ̀kẹta ni aago: bí àmì méjì ìṣáájú bá sá pamọ́, aago á pa á. Àwọn ṣájà kan tún wà tí kì í dúró de ìjáwálẹ̀ náà. Wọ́n á dáwọ́ dúró bí fólítì bá ti dé 1.47V tàbí 1.48V, wọ́n á sì fi iná tó kéré gan-an parí ohun tó kù.

Ọ̀tọ̀ ni ti Li-ion (lithium-ion, irú tó wà nínú fóònù). Iye ámpù kan tí kì í yí padà ni ṣájà máa kọ́kọ́ fún un, títí fólítì rẹ̀ á fi dé 4.2V. Láti ibẹ̀ lọ, fólítì ni kò ní yí padà mọ́, ámpù á sì máa dín kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń rọ omi sínú ìgò: a máa ń rọ ọ́ wàràwàrà níbẹ̀rẹ̀, tó bá kù díẹ̀ kó dé ẹnu, a ó dẹ ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí bátìrì Li-ion fi máa ń yára dé 80%, tí ìyókù sì máa ń pẹ́.

Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì yìí kò jọra. Bátìrì Li-ion kì í ní ìjáwálẹ̀ fólítì tí ṣájà NiMH ń retí, nítorí náà ṣájà tí kò mọ̀ ju NiMH lọ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá iná ti ń ṣẹlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ irú bátìrì tó wà lọ́wọ́ mi?

Ẹ ka ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "rechargeable" nìkan kò tó, nítorí irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fólítì ló máa ń sọ òótọ́ jù: 1.2V jẹ́ NiMH tàbí NiCd (nickel-cadmium), 3.6V tàbí 3.7V jẹ́ Li-ion, 3.2V jẹ́ LiFePO4 (irú bátìrì lithium mìíràn), 1.5V sì sábà máa ń jẹ́ bátìrì àlòdànù.

Lẹ́tà kékeré kan tún wà lára ọ̀pọ̀ bátìrì tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí, ó sì wúlò gan-an. HR túmọ̀ sí NiMH, KR túmọ̀ sí NiCd, LR túmọ̀ sí alkaline (àlòdànù), R nìkan láìsí lẹ́tà mìíràn níwájú rẹ̀ sì túmọ̀ sí zinc-carbon, irú bátìrì ńlá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó sí tọ́ọ̀ṣì àti rédíò látijọ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bó ṣe tóbi tó: 03 ni AAA, 6 ni AA, 14 ni C, 20 ni D. Nítorí náà, HR6 jẹ́ AA tó ṣeé ṣáájì, LR6 sì jẹ́ AA tí kò ṣeé ṣáájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́ kò yàtọ̀.

Méjì wà tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Èkíní ni AA tàbí AAA oní-1.5V tí Li-ion wà nínú rẹ̀, tí ihò USB sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ 3.7V di 1.5V. Wáyà rẹ̀ tàbí ṣájà tí wọ́n tà pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi í sínú ihò NiMH, kò ní kún, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì lè jóná. Èkejì ni 14500. Bí AA ló rí, ṣùgbọ́n Li-ion oní-3.7V ni. Bí méjì rẹ̀ tó kún bá wọ rìmóòtù tó ń retí 3V, 8.4V ló máa gbà, rìmóòtù náà á sì kú lọ́wọ́ kan.

Ṣé mo lè ṣáájì bátìrì alkaline, tí mo bá ṣọ́ ọ dáadáa?

Rárá. Bátìrì àlòdànù máa ń mú gáàsì jáde tí a bá dá iná padà sínú rẹ̀, kò sì ní ọ̀nà tó dára tí gáàsì náà máa gbà jáde. Á ya, á sì tú omi tó ń jẹ irin àti awọ ara sínú ṣájà yín. Ọ̀pọ̀ ṣájà ọlọ́gbọ́n ló máa ń kọ̀ ọ́, tí ojú wọn á kọ "Null", "Err" tàbí kí gílóòbù pupa máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Tó bá ti tú síbì kan, ẹ̀tù funfun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni kí ẹ fi òwú tí ẹ ti kì bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà nù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ṣájà kúrò lára iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú mìíràn tó ní sípíríìtì nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú.

AAA, AA, C, D: mílíámpù mélòó ni kí n yàn fún ìkọ̀ọ̀kan?

Òfin tó rọrùn ni pé kí ẹ wo mAh tí wọ́n kọ sára bátìrì (iye iná tó lè gbà pamọ́), kí ẹ sì yan iye mA (mílíámpù, bí iná tí ṣájà ń rọ sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó) tó wà láàárín ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sí ààbọ̀ rẹ̀. AA oní-2,000 mAh fẹ́ 700 sí 1,000 mA. AAA oní-800 mAh fẹ́ 300 sí 400.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé bó bá ṣe kéré tó ni bátìrì ṣe máa pẹ́ tó, wọ́n á wá yan 200 mA fún AA. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ṣájà tó ń dúró de ìjáwálẹ̀ fólítì. Tí iná bá kéré sí nǹkan bí ìdá 30% ti mAh bátìrì, ìjáwálẹ̀ náà á kéré débi tí ṣájà kò ní rí i, á sì máa dáná sí bátìrì tó ti kún títí aago á fi pa á. Tó bá sì pọ̀ ju mAh bátìrì fúnra rẹ̀ lọ, ooru ni yóò ba á jẹ́. Bátìrì tó ti pẹ́ kò fẹ́ iná tó pọ̀, ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ òfin yẹn.

Fún àkókò tó máa gbà, ẹ fi 1.2 sọ mAh di púpọ̀, kí ẹ wá fi mA pín in. 2,000 × 1.2 ÷ 500 jẹ́ 4.8, ìyẹn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48. Ní 1,000 mA, ó di wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24. Ìdá 20% tí a fi kún un ni èyí tó ń sọnù gẹ́gẹ́ bí ooru.

Ohun kan tí àpótí ṣájà kì í ké sókè: 2A (ìyẹn 2,000 mA) tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ lè jẹ́ ti ihò kan ṣoṣo. Tí ẹ bá ki bátìrì mẹ́rin sí i, ó lè pín in sí 500 mA fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú "Output" lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń ki bátìrì sínú rẹ̀?

Ìdí bátìrì, tó tẹ́jú, ni apá (−). Orí rẹ̀ tó yọ ni (+). Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà tó ń gba oríṣiríṣi, irin tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ ló máa ń gba ìdí bátìrì. Ẹ fi ìdí rẹ̀ ti irin náà sẹ́yìn, kí ẹ tó gbé orí rẹ̀ sílẹ̀; ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú ihò rẹ̀ kí irin lè fara kan irin dáadáa. AAA máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ihò tó fẹ̀, ẹ rí i pé ó wà láàárín gangan. Bí ṣájà bá ní bọ́tìnì fún mA, ẹ yàn án láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ máa ń ti ìyàn náà pa lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣájà ní bátìrì D mi ti kún, ṣùgbọ́n mẹgafóònù kì í pẹ́ kó tó dákẹ́. Kí ló fà á?

Ọ̀ràn yìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo mẹgafóònù fún ìwàásù òwúrọ̀ tàbí ìpolówó ọjà, nítorí C tàbí D mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á.

Àkọ́kọ́ ni pé iná ṣájà kéré fún D. Ká ní bátìrì náà jẹ́ 10,000 mAh, ṣájà ń fún un ní 500 mA, aago rẹ̀ sì ń pa á lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá. 500 × 10 jẹ́ 5,000. Kò tilẹ̀ tó ààbọ̀, nítorí apá kan nínú rẹ̀ ti di ooru, ṣùgbọ́n gílóòbù á yí sí àwọ̀ ewé. Ẹ lè tún bátìrì náà kì bọ inú rẹ̀ kí aago bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ìgbà méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa fọwọ́ kàn án. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti kún nìyẹn. Ohun tó dára jù ni ṣájà tó lè fún D ní 2A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ihò kọ̀ọ̀kan; tí ẹ bá ń lo D lójoojúmọ́, a rọ̀ yín kí ẹ ra irú rẹ̀.

Èkejì ni bátìrì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ D àti C tó ṣeé ṣáájì ló jẹ́ pé AA ni wọ́n fi pamọ́ sínú agolo ńlá. Ẹ wo mAh: tí D bá ní 2,500 mAh, AA ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ṣájà tó lè sọ ọ́ di ohun mìíràn. Tí wọn kò bá kọ mAh sí i rárá, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. D gidi tó jẹ́ 10,000 mAh máa ń wúwo tó gíráàmù 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ayédèrú kì í sábà dé ààbọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e lé ọwọ́ kan, kí ẹ gbé bátìrì D lásán lé ọwọ́ kejì, ẹ ó mọ̀.

Bátìrì 9V ńkọ́?

Ihò tirẹ̀ yàtọ̀, iná rẹ̀ sì kéré gan-an, nǹkan bí 20 sí 30 mA nínú ọ̀pọ̀ ṣájà. Bátìrì NiMH oní-200 mAh lè gbà tó wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Ihò 9V nínú ọ̀pọ̀ ṣájà kì í ṣọ́ nǹkankan ju aago lọ, bí àwọn ihò yòókù tilẹ̀ gbọ́n, nítorí náà kí ẹ fúnra yín mọ ìgbà tí ẹ ó yọ ọ́.

NiMH 9V kì í ṣe 9V gidi. Bátìrì kéékèèké méje oní-1.2V ló wà nínú èyí tó dára, ìyẹn 8.4V, mẹ́fà ló wà nínú àwọn kan, ìyẹn 7.2V. Makirofóònù aláìníwáyà tó ń gba 9V máa ń fẹ́ oní-8.4V, oní-7.2V á tètè fi àmì pupa hàn nígbà tí ìwàásù ṣì ń lọ. Fún ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí èéfín bá wọlé, ẹ má lo èyí tó ṣeé ṣáájì àfi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà bá sọ pé kí ẹ lò ó.

Tọ́ọ̀ṣì àti fáànù mi ń lo 18650. Ṣé ṣájà kan náà lè gbà á?

Bí wọ́n bá kọ Li-ion sí ara ṣájà náà, bẹ́ẹ̀ ni. Tí NiMH nìkan bá wà lára rẹ̀, ẹ má dán an wò, kódà tó bá bá ihò mu. 18650 jẹ́ bátìrì Li-ion tó jẹ́ mílímítà 18 ní fífẹ̀ àti 65 ní gígùn. 1A bá ọ̀pọ̀ wọn mu.

Àtùpà sólà púpọ̀ ń lo LiFePO4, pàápàá àwọn bátìrì tó sanra tí wọ́n ń pè ní 32650 àti 32700. 3.65V ni ó máa ń dúró, kì í ṣe 4.2V. Àwọn ṣájà kan ní bọ́tìnì tí ẹ ó fi yan 3.2V, tí ti yín kò bá ní, ẹ fi bátìrì náà sílẹ̀ nínú àtùpà rẹ̀, kí sólà rẹ̀ máa ṣáájì rẹ̀. Àtùpà àti tọ́ọ̀ṣì mìíràn ń lo bátìrì asíìdì kékeré oní-4V, onígun mẹ́rin. Kò sí ohun tó kan ṣájà yìí pẹ̀lú ìyẹn.

Ayédèrú 18650 pọ̀ lọ́jà. Tí ẹ bá rí 9,900 mAh lára rẹ̀, irọ́ ni. Èyí tó dára gidi máa ń wà láàárín 2,000 àti 3,500, díẹ̀ ló ń sún mọ́ 4,000. Ó máa ń wúwo tó gíráàmù 45 sí 48. Ayédèrú lè má ju 30 lọ.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ ewu Li-ion ṣeré rárá. Bí ọ̀rá tó bò ó bá ya, ẹ má fi í sí ṣájà kí ẹ tó fi tuntun bò ó, nítorí gbogbo ara rẹ̀ títí dé ọrùn ni (−), orí nìkan ni (+). Tó bá wú, tó ń rùn, tàbí tó wà nísàlẹ̀ 2V lórí mítà, kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ má ki í bọ àpò tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó irin wà. Orí ohun tí kò lè jóná, bíi táìlì tàbí sìmẹ́ǹtì, ni kí ẹ ti ṣáájì rẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì ṣe é nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn.

Ṣájà kò mọ bátìrì mi. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Kò dájú. Ẹ kọ́kọ́ nu orí àti ìdí rẹ̀ àti irin ṣájà pẹ̀lú òwú àti sípíríìtì. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sí ihò mìíràn.

Tí NiMH bá wà nínú ẹ̀rọ fún oṣù púpọ̀, fólítì rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ débi tí ṣájà kò fi ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti jí i ni kí ẹ fi í sí ṣájà lásán oní-NiMH fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé e padà sí ọlọ́gbọ́n. Tí kò bá sí ṣájà lásán, ẹ mú NiMH mìíràn tó kún, tó tóbi bákan náà, kí ẹ fi wáyà méjì so (+) mọ́ (+) àti (−) mọ́ (−) fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Wáyà lè gbóná. Tó bá gbóná gan-an, ẹ já a lójú ẹsẹ̀. NiMH nìkan ni kí ẹ ṣe èyí fún. Li-ion tó ti lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbà inú rẹ̀ lè ti yọ́ díẹ̀, tí ẹ bá sì jí i, ó lè gbiná lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ojú ṣájà bá ń kọ àṣìṣe lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ nínú bátìrì náà ti pọ̀ jù. Ó ti tó ìgbà tí ẹ ó yọwọ́ rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí bátìrì máa gbóná?

Kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, pàápàá ní ìgbẹ̀yìn. Tí ẹ bá lè dì í mú láìfọwọ́ sá, ẹ má bẹ̀rù. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á, ó ti ń sún mọ́ 55°C tàbí ó ti kọjá rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó tutù.

Afẹ́fẹ́ ilé náà ń bẹ nínú ìṣirò yìí. Bátìrì NiMH fẹ́ràn kí ibi tí a ti ń ṣáájì rẹ̀ wà láàárín 10°C àti 30°C, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán oṣù kejì sí oṣù kẹta, yàrá ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè ti kọjá ìyẹn kí ṣájà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, alẹ́ tàbí ìdájí dára fún NiMH tí ẹ bá wà lójúfò, kí ẹ sì dín mA kù díẹ̀. Ẹ gbé ṣájà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n àti ínfátà, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín bátìrì tí ihò bá ṣẹ́kù: nínú ihò mẹ́rin, èkíní àti ẹ̀kẹrin fún bátìrì méjì.

Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Ṣé ó ń ba bátìrì jẹ́?

Ìgbà kan tàbí méjì kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí iná bá padà dé, ṣájà á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, aago rẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ṣájà NiMH kì í ka ìjáwálẹ̀ fólítì sí, nítorí fólítì kì í dúró sójú kan nígbà yẹn. Tí bátìrì bá ti kún, tí iná wá ń lọ tó ń bọ̀ léraléra, ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn á kó ara wọn jọ, ooru lásán ni bátìrì á sì máa jẹ.

Ọ̀nà àbáyọ tó dára ni ṣájà tó ń gba iná 5V láti USB. Ẹ lè so ó mọ́ páwà báǹkì, sólà kékeré tó ní ibi USB, tàbí ọkọ̀. AA mẹ́rin oní-2,000 mAh ní nǹkan bí wákàtí-wáàtì 10 nínú. Pẹ̀lú ohun tó ń sọnù lọ́nà, nǹkan bí 15 ló máa fà. Páwà báǹkì oní-10,000 mAh tó jẹ́ òótọ́ á ṣáájì wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tí ṣájà yín bá ń gba 12V, ẹ lè so ó tààrà mọ́ bátìrì sólà ilé tó jẹ́ 12V, tí ẹ bá ti rí i pé ṣájà náà lè gba tó 14.5V tí sólà lè gbé e dé ní ọ̀sán. Títan jẹnẹrétọ̀ nítorí ṣájà nìkan kò bójú mu: bíi wáàtì 10 sí 20 ló ń jẹ.

Ṣé mo lè da tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́?

Nínú ṣájà tó ń wọn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. AAA àti AA pọ̀, èyí tó kún àti èyí tó ṣófo pọ̀, kò burú.

Nínú ẹ̀rọ tó ń lò wọ́n, rárá. Èyí tí kò lágbára máa kọ́kọ́ tán, àwọn yòókù á sì máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá ní òdìkejì, débi tí (+) rẹ̀ á di (−). Ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó láti pa á. Ẹ fi máákà kọ lẹ́tà àti ọdún sára wọn, A méjì, B mẹ́rin, kí àwọn tó jọ wọlé jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú gbogbo àṣà tó ń mú bátìrì pẹ́, èyí ni a fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí jù lọ.

Kí ni iṣẹ́ "Discharge", "Refresh" àti "Test"?

"Discharge" ń tú iná inú NiMH jáde títí dé nǹkan bí 0.9V. "Refresh" ń tú u, ó ń ṣáájì rẹ̀, ó sì ń tún un ṣe títí agbára rẹ̀ kò fi ní gòkè mọ́. "Test" máa ń ṣáájì rẹ̀ kún, á tú u jáde, á wọn iye mAh tó jáde, á sì tún un ṣáájì. Fún AA oní-2,000, ó lè gba odindi ọjọ́ kan.

Ẹ ṣe "Test" fún bátìrì tuntun kí ẹ mọ ẹni tó parọ́ fún yín, kí ẹ sì tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 80% ohun tí wọ́n kọ, ẹ gbé e fún rìmóòtù àti aago ara ògiri. Nísàlẹ̀ 60%, kó máa lọ. Ẹ má ṣe "Refresh" ní gbogbo ìgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń jẹ nínú ọjọ́ ayé bátìrì. NiCd ló ń nílò kí a máa tú u tán kí a tó ṣáájì rẹ̀. NiMH kò nílò rẹ̀, Li-ion tilẹ̀ kórìíra rẹ̀.

Mo ṣáájì bátìrì lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ lò ó, ó ti ṣófo.

NiMH àtijọ́ lè pàdánù ìdá 20 sí 30% lóṣù kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, ooru sì ń mú kó yára sí i. Ní ọdún 2005, Sanyo gbé Eneloop jáde, irú NiMH tó ń pa iná mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ "Ready to use" tàbí "Pre-charged" sí i. AA irú èyí sábà máa ń jẹ́ 1,900 sí 2,100 mAh. Fún ilé, a yàn wọ́n ju àwọn oní-2,700 lọ: iye tó tóbi lára bátìrì máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń tètè tú, ó sì sábà máa ń tètè gbó.

Ẹ má sì fi bátìrì sílẹ̀ nínú ṣájà tí kò sí lórí iná. Àwọn ṣájà kan ń fa díẹ̀díẹ̀ padà nínú rẹ̀.

Mò ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, mo fẹ́ kó ṣájà àti bátìrì wálé. Kí ni kí n ṣọ́?

Ẹ ka "Input" lára adáputà rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 100–240V, 50/60Hz síbẹ̀, ó bá iná Nàìjíríà, tó jẹ́ 230V, mu. Púlọ́ọ̀gì nìkan ni ti Amẹ́ríkà máa nílò, ti Lọ́ńdọ̀nù á wọlé tààrà. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ra èyí tó ń gba USB.

Bátìrì Li-ion tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí ẹ ó gbé wọ inú ọkọ̀ òfurufú, kò gbọ́dọ̀ wà nínú èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí kí ẹ tò wọ́n sínú àpótí oníke wọn. Fún NiMH náà, ẹ bo orí rẹ̀.

Níbo ni kí n da èyí tó ti kú sí?

Ẹ má jó o pẹ̀lú pàǹtí, ẹ má sì jù ú sínú gọ́tà. Li-ion máa ń bú gbàmù nínú iná. Cadmium inú NiCd sì jẹ́ májèlé tó ń wọ ilẹ̀ àti omi. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo orí rẹ̀, ẹ kó o sínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí, kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, kí ẹ sì kó wọn fún àwọn tó ń gba ohun èlò iná tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ní ìwé àṣẹ. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtajà tó ń ta ju kílò 32 bátìrì kéékèèké lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ gba èyí tó ti kú lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, àpótí rẹ̀ sì sábà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà sùpámákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wú tàbí tó ti ya, ẹ má da á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Inú agolo irin tó ní iyanrìn gbígbẹ ni kó wà, níta ilé, títí ẹ ó fi rí ẹni gbà á.